Big Time Rush: ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wò ó, àmọ́ ẹ jókòó tì wọ́n

Nínú gbogbo eré apanilẹ́rìn-ín tí Nickelodeon, ṣánẹ́ẹ̀lì ọmọdé ti Amẹ́ríkà, ti ṣe, Big Time Rush lèmi fẹ́ràn jù, mi ò sì ní fọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ eré Nickelodeon, iCarly lọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á tún ní Victorious, ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn náà dùn, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ kọ́mọdé rí bí wọ́n ṣe ń ṣe olórin tà bí eyí ṣe jẹ́ kó rí i. Gúrúùpù olórin ọmọkùnrin mẹ́rin tí kọ́ńpìnnì kó jọ ni Big Time Rush, kíkó tí wọ́n kó wọn jọ yẹn gan-an leré náà wá ń fi ṣẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò fi pamọ́ fẹ́nì kankan. Ohun tó jẹ́ kó níye lórí lójú mi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìyá tàbí bàbá kan bá bi mí, màá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọ wò ó, káwọn náà sì fàga tira.

Fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n: ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé apá àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, oṣù kìn-ín-ní 2010 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e déédéé, ó sì parí lóṣù keje 2013. Sísìn mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀písóòdù kan ò sì ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lọ. Scott Fellows ló dá a sílẹ̀, òun náà ló ṣe Ned's Declassified, òun náà ló ṣe kàtúùnù Johnny Test, ẹ ó sì rí i pé ọwọ́ kàtúùnù ò kúrò lára ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà ní Nàìjíríà, orí DStv la ti mọ̀ ọ́n, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì Nickelodeon, nígbà tọ́mọ bá dé láti ilé ìwé tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ tí ò tíì fọwọ́ kan hómùwọ́ọ̀kì, tí NEPA bá sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ẹ̀ ò le. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan wà ní Minnesota, ìpínlẹ̀ kan tó tutù gan-an lápá àríwá Amẹ́ríkà, hockey orí yìnyín ni wọ́n máa ń gbá, orúkọ wọn ni Kendall, James, Carlos àti Logan. James ló fẹ́ di gbajúmọ̀ olórin, dígí ló ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òòyà ò sì kúrò lápò ẹ̀. Gustavo Rocque, pùròdúsà kan tórin àwọn gúrúùpù tó gbé jáde ti fìgbà kan gbòde, wá ń wá olórin tuntun kiri ìlú, James lọ síwájú ẹ̀, ọkùnrin yẹn sì fi àbùkù kàn án lójú gbogbo èèyàn pé kò mọ nǹkan kan. Inú bí Kendall nítorí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ló bá gòkè, ló bá fi orin bú Gustavo níbẹ̀ yẹn, orin èébú tọ́mọ ọdún mẹ́jọ á rẹ́rìn-ín sí títí inú á fi máa run ún, bó ṣe dìjà nìyẹn, ọlọ́pàá ló kó wọn délé. Ẹ wá wò ó, Gustavo fúnra ẹ̀ ló tún padà wá kanlẹ̀kùn pé Kendall lòun fẹ́, pé iná kan wà lára ọmọ yẹn tóun ti ń wá kiri. Kendall tí ò tiẹ̀ fẹ́ kọrin! Ọmọ náà ní tí wọn ò bá ní kó àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ òun, òun ò lọ síbì kankan. Bí wọ́n ṣe para pọ̀ dé Los Angeles nìyẹn, tí wọ́n ń gbé ní Palm Woods, òtẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó bá wá wá òkìkí sílùú yẹn ló ń gbébẹ̀, tí wọ́n á máa ṣeré lẹ́bàá adágún ìlúwẹ̀ẹ́ látàárọ̀.

Ẹni tó fẹ́ ẹ kọ́ ni wọ́n mú, ẹni tí wọ́n mú ò fẹ́, àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ wọn ni. Èmi rí i pé ọgbọ́n ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré báyìí, torí láti ọjọ́ kìn-ín-ní lọmọ tó ń wò ó ti mọ̀ pé ẹ̀bùn nìkan kọ́ ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ń nawọ́ pé ìwọ bọ́ síbí, ìwọ máa lọ.

Gustavo yìí lẹni tó gbé eré náà ró. Stephen Kramer Glickman ló ṣe é, ọkùnrin gàgàrà báyìí, jígí lójú, ohùn ẹ̀ kì í wálẹ̀, tó bá ti wọlé ariwo ló máa fi kí yín. Orin tó fi lówó ti di orin àná, kọ́ńpìnnì sì ti ń wò ó pé ṣé ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìfẹ́ ló mú un kó ọmọ ọlọ́mọ wá, òun náà ń wá bí iṣẹ́ ò ṣe ní bọ́ ni. Kelly, igbákejì ẹ̀, tí Tanya Chisholm ṣe, ló ń pa gbogbo iná tó bá dá sílẹ̀, òun ló máa tu àwọn ọmọ nínú, òun náà ló máa sọ̀rọ̀ sí Gustavo létí kó má bàa ba tara ẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo wá fẹ́ràn ni pé lẹ́yìn ariwo yẹn, iṣẹ́ ń lọ lóòótọ́. Ẹ máa rí àwọn ọmọ náà nínú sùtúdíò, Gustavo lódìkejì gíláàsì, wọ́n á kọrin, á dá wọn dúró, wọ́n á tún un kọ, á tún dá wọn dúró. Ijó ńkọ́? Mr. X ló ń kọ́ wọn níjó, Phil LaMarr ló ṣe é, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ ló gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa ki lẹ́tà X bọ̀, àwọn ọmọdé ò ní í yéé sín in jẹ. Ọmọ tó bá wo ìyẹn dáadáa á mọ̀ pé orin ìṣẹ́jú mẹ́ta téèyàn ń jó sí nínú pálọ̀, òógùn ló wà nídìí ẹ̀.

Ká wá gbé eré tì ná, ká wo bó ṣe rí lójú ayé. Nickelodeon àti Sony Music ló jọ dòwò yìí pọ̀, tẹlifíṣọ̀n á gbé eré, Columbia Records á ta orin. Wọ́n wá àwọn ọmọ tó lè kọrin, tó lè jó, tó lè ṣeré, wọ́n ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tiẹ̀ sí ọmọ Minnesota kan nínú wọn. Ọmọ Kansas ni Kendall Schmidt, New York ni wọ́n bí James Maslow sí, California ló dàgbà sí, Florida ni Carlos Pena gbé dàgbà (PenaVega ló ń jẹ́ báyìí, látìgbà tóun àti Alexa Vega ti fẹ́ra wọn), Texas ni Logan Henderson ti wá. Kendall ló dé gbẹ̀yìn, ẹlòmíì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sípò yẹn kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Nítorí náà ẹni tí eré ń pè ní olórí wọn, tí wọ́n ní òun ni gbogbo ẹ̀ tọ̀dọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló wọlé kẹ́yìn. Mo ń sọ eléyìí torí pé àwọn kan máa ń fi ṣe àbùkù fún wọn, pé gúrúùpù tí wọ́n rọ ni, pé kò lè ní ẹ̀mí. Èmi ò gbà. Gúrúùpù tí wọ́n rọ lóòótọ́ ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ni wọ́n sọ di ìtàn, wọn ò ní ká gbà pé ọ̀run ló ti já bọ́.

Irú ẹ̀ ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. The Monkees làwọn tó la ọ̀nà yìí. Lọ́dún 1965 ni wọ́n fìpolówó síta ní Hollywood pé àwọn ń wá ọmọkùnrin mẹ́rin tó máa ṣeré bí gúrúùpù olórin, ó lé ní irinwó èèyàn tó jáde wá, wọ́n mú mẹ́rin, NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, sì gbé eré wọn láti 1966 títí di 1968, ó tiẹ̀ gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 1967 pé òun leré apanilẹ́rìn-ín tó dáa jù. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti yàtọ̀. Àwọn Monkees jà fitafita kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti fọwọ́ ara wọn lu ohun èlò sínú àwo orin ara wọn, ìjà yẹn le débi pé Don Kirshner tó ń ṣàkóso orin wọn pàdánù ipò ẹ̀ lọ́dún 1967, ìta ni ìjà yẹn wà, ọmọdé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ò rí i. Ní Big Time Rush, inú eré níbẹ̀ ni ìjà náà wà, lójú ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀rọ̀ orin ni, ọ̀sẹ̀ míì wọ́n á ní kí wọ́n yí ìwà ọmọ ọlọ́mọ padà.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí Griffin. Òun ni ọ̀gá ọ̀gá, òun ló ni kọ́ńpìnnì tó ń sanwó fún Gustavo, orúkọ kọ́ńpìnnì yẹn sì rèé: RCMCBT Global Net Sanyoid. Kẹ́nu tó pè é tán, ọbẹ̀ á ti jóná. Ọkùnrin náà kì í pariwo bíi Gustavo, jẹ́jẹ́ ló máa yọ sáwọn èèyàn, kóòtù lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu, á sọ gbólóhùn kan péré, á sì lọ, gbólóhùn yẹn á wá tú gbogbo ayé ká. Ó lè ní òun ò fẹ́ orin yẹn mọ́. Ó lè ní kí Mercedes ọmọ òun wá mú orin tó bá wù ú. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá ńlá ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kankan láyé yìí á mọ Griffin.

Ẹ̀písóòdù kan wà tí wọ́n pè ní Big Time Bad Boy, sísìn àkọ́kọ́ ló wà, òun ni mo máa ń ní káwọn èèyàn wá. Griffin dé, ó ní boy band, ìyẹn gúrúùpù olórin ọmọkùnrin, tó bá máa tà gbọ́dọ̀ ní ọmọ burúkú kan nínú, pé àwọn mẹ́rin yìí ti dáa jù. Wọ́n bá lọ mú ọmọ kan wá, WayneWayne lorúkọ ẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ẹ́ lówó, ó fojú le, ó ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ẹ̀ gba ibùsùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rin yìí gbìyànjú gbìyànjú, kò gbọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tú àṣírí ẹ̀ pé Wally Dooley lorúkọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ sọ ọ́, pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé ìwà burúkú yẹn gan-an, wọ́n gbé e wọ̀ ọ́ ni bí aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò: gúrúùpù tí kọ́ńpìnnì kó jọ lójú ayé, ó ń ṣeré gúrúùpù tí kọ́ńpìnnì kó jọ, wọ́n tún wá ki ẹnì kan tí wọ́n ṣe ìwà fún bọ àárín wọn, káwọn ọmọdé lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nǹkan ogún ìṣẹ́jú péré, pẹ̀lú ẹ̀rín. Mi ò mọ eré ọmọdé míì tó la ọ̀rọ̀ ìrísí àti òtítọ́ yé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àbúrò pátápátá nínú wọn wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n lóòótọ́ àbí wọ́n ń sanwó fún wọn ni?" Mo ní wọ́n ń sanwó fún wọn, wọ́n sì dọ̀rẹ́. Ó ní ta ló ń san owó ọ̀hún. Mo ní ẹni tó ń ta orin wọn ni. Látìgbà yẹn, tí Griffin bá ti yọ báyìí, ọmọ náà á pariwo pé, "Ẹni tó ń sanwó ti dé o!" Ó ti yé e nìyẹn, mi ò sì ṣe ju ká jọ jókòó kí n sì dáhùn ohun tó bi mí. Ohun tí mo ń sọ nípa jíjókòó tì wọ́n nìyẹn, kì í ṣe torí pé nǹkan burúkú kan wà níbẹ̀ tá a fẹ́ máa ṣọ́, ìbéèrè ni eré náà máa ń fà jáde, ó sì dáa kí ẹnì kan wà ńtòsí tó máa dáhùn.

Èyí tó tún máa tẹ́ àwọn ìyá lọ́rùn ni pé wọn ò da àwọn ọmọ yìí sí Los Angeles láìsí àgbà. Màmá Kendall bá wọn lọ, Mama Knight ni gbogbo wọn ń pè é, Challen Cates ló ṣe é, òun àtàwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn àti Katie àbúrò Kendall ló jọ ń gbé ní fúláàtì 2J. Tíyàá yẹn bá ti ní ó tó, ó ti tó nìyẹn, Gustavo pàápàá ò jẹ́ gbójú sókè sí i. Katie wá ni tèmi. Ciara Bravo ló ṣe é, ọmọ kékeré báyìí, ó gbọ́n ju àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ fíìfíì, ọ̀rọ̀ òwò ló máa ń sọ, ó fẹ́ di máníjà, ó lè dúnàádúrà pẹ̀lú àgbàlagbà títí tẹni yẹn á fi sanwó tán kó tó mọ ohun tóun rà. Nínú eré tó kún fáwọn ọmọkùnrin tó ń sáré kiri, Katie ló ń fara balẹ̀ ronú. Ẹ ẹ́ tún rí fúláàtì yẹn: bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e fún wọn, kò dùn ún wò rárá, àwọn ọmọ wá dọ́gbọ́n sí i nínú ẹ̀písóòdù Big Time Crib, ó di ilé tọ́mọ kọ̀ọ̀kan máa ń lálàá ẹ̀, tó fi dórí ohun ìyọ̀rọ́ ńlá kan tó lọ́ po nínú pálọ̀, téèyàn á jókòó lókè ẹ̀ tá yọ̀ dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bá wò ó ló béèrè pé kí la dé tírú ẹ̀ ò sí nílé tiwọn.

Ẹ̀rín ibẹ̀, ẹ̀rín kàtúùnù ni. Tí ẹnì kan bá yí orí, ẹ ó gbọ́ ìró. Tí James bá na òòyà síta, ìró. Carlos kì í bọ́ hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì hockey ẹ̀, á lu ú lẹ́ẹ̀mejì lórí kó tó já wọ ewu, gbogbo ìgbà ló máa ń já wọ ọ́. Logan lọ́mọ ìwé àárín wọn, dókítà ló fẹ́ dà, òun ló máa ń ka ewu tó wà níbẹ̀ fún wọn, wọn ò ní í gbọ́. Mr. Bitters tó jẹ́ máníjà òtẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ rí wọn sójú. Àwọn kan máa ní ó ti pọ̀ jù, pé ariwo ẹ̀ ń fọ́ orí, mo gbà pé fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ àkókò sí, tí ọ̀kan bá ṣubú, ekejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹkẹta ti sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó dúró de ẹnì kejì. Iṣẹ́ ni. Àwọn mẹ́rin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tó fi máa di sísìn kejì, ẹ máa rí i pé wọn ò tiẹ̀ ń wo ara wọn mọ́ kí wọ́n tó dáhùn.

Orin wọn ńkọ́? Ó dáa, ó dáa gan-an. Orin tó yára gbé èèyàn nílẹ̀ ni, wọ́n ṣe é kó lè wọ etí ọmọdé lẹ́ẹ̀kan kó má sì jáde mọ́. Àlíbọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́, BTR, jáde lóṣù kẹwàá 2010, ipò kẹta ló sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí Billboard 200, àtẹ àwọn àlíbọ́ọ̀mù tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe àwọn ọmọdé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nìkan ló rà á. Snoop Dogg, gbajúmọ̀ olórin ráàpù, wà nínú ọ̀kan lára orin wọn, Boyfriend, ó sì tún wá ṣeré nínú ẹ̀písóòdù Kérésìmesì wọn lọ́dún 2010. Worldwide lèmi fẹ́ràn jù, orin ẹni tó ń rìnrìn àjò tọ́kàn ẹ̀ wà nílé, ẹni tó bá ní èèyàn lókè òkun á mọ ohun tó ń ṣe èèyàn nínú orin yẹn. Nínú àlíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, àwọn òǹkọ̀rin kọ́ńpìnnì ló ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ nígbà tó fi máa di Elevate lọ́dún 2011 àti 24/Seven lọ́dún 2013, orúkọ àwọn ọmọ náà ti ń hàn lára àwọn tó kọ orin. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo náà tẹ̀ léra wọn á gbọ́ ọ nínú ohùn wọn.

Ó wá kù síbi tí mi ò ti gbà fún wọn. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ọmọbìnrin tuntun kan á dé sí Palm Woods, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á máa ti ara wọn ṣubú, bí ẹni pé ife ẹ̀yẹ ni wọ́n ń dù. Jo, tí Katelyn Tarver ṣe, ní làákàyè, ó sì mọ ohun tó wá ṣe nílùú náà, Camille, tí Erin Sanders ṣe, lẹ́bùn eré ju gbogbo wọn lọ, ó lè fọ́ Logan létí kó wá ní ìdánrawò fún ipa kan lòun ń ṣe. Àwọn ọmọbìnrin yẹn yẹ lẹ́ni tí wọ́n kọ ìtàn tiẹ̀ fún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tọ́mọkùnrin kan bá nílò wọn la máa ń rí wọn. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọbìnrin tá a bá jọ ń wò ó, mi ò kí ń jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, "ajá" ni Gustavo ń pe àwọn ọmọ náà. Gbogbo ìgbà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ ni, pé ní Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, àmọ́ nínú ilé Yorùbá, ẹni tó bá pe ọmọ ọlọ́mọ ní ajá ti dá ọ̀ràn, ọmọ tó bá gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n tó lọ fi pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa jìyà kálẹ́ tó lẹ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Bákan náà ni orin èébú inú ẹ̀písóòdù àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n máa fẹ́ kọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

Ìkẹta ni pé ó rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń parí lọ. Sísìn àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹ̀rù wà níbẹ̀, torí Griffin lè pa gbogbo ẹ̀ tì nígbàkigbà, ìparí sísìn àkọ́kọ́ tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, wọ́n dá iṣẹ́ dúró, àwọn ọmọ sì padà sí Minnesota, ọkàn àwọn tó ń wò ó ò balẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n wá ti gbajúmọ̀ tán nínú ìtàn, kí ló kù tí wọ́n lè pàdánù? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wá gba gbogbo ẹ̀. Big Time Movie tí wọ́n ṣe lóṣù kẹta 2012 tún gbé e dìde díẹ̀, ìlú London ni wọ́n gbé ìtàn ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ amí àti ẹrù tí wọ́n pààrọ̀, orin àwọn Beatles ni wọ́n sì tún kọ nínú ẹ̀, Help! àti Revolution wà níbẹ̀. Ó dùn, ẹ lè wò ó láìtíì wo ìkankan nínú eré.

Lẹ́yìn tí eré parí lọ́dún 2013, oníkálùkù wá tiẹ̀ lọ. Èmi rò pé ó tán nìyẹn. Lọ́dún 2021 ni wọ́n padà wá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹnì kan tó yọ ara ẹ̀, wọ́n gbé Call It Like I See It jáde lóṣù kejìlá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọrin kiri. Lóṣù kẹfà 2023 wọ́n gbé Another Life jáde fúnra wọn, láìsí Nickelodeon láìsí Columbia. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń wo Palm Woods nígbà yẹn ti dàgbà, àwọn ló ń kún gbọ̀ngàn báyìí. Inú mi dùn gan-an sí i, torí gbogbo ohun tí eré yẹn ń sọ látìbẹ̀rẹ̀, pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n gbà láti lọ papọ̀ ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ, wọ́n ti wá fi ojú ayé ṣe é, Griffin kankan ò sì sí níbẹ̀ tó lè ní òun ti yí ọkàn padà.

Fẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọdún méje sókè ló tọ́ sí, àwọn tó kéré sí ìyẹn á rẹ́rìn-ín àmọ́ ọ̀rọ̀ Griffin ò ní í yé wọn. Big Time Audition ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má fò ó, torí òun ló sọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá tẹ̀ lé e bó ṣe wà títí dé Big Time Bad Boy àti Big Time Crib. Paramount+ ló wà ní Amẹ́ríkà, Nickelodeon fúnra wọn sì ti gbé ọ̀pọ̀ apá kéékèèké ẹ̀ sórí YouTube fẹ́ni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò ná kó tó náwó. Ẹ fi sísìn kẹrin sílẹ̀ dìgbà tọ́mọ bá ti mọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ, tó sì ti mú ẹni tó jẹ́ tiẹ̀ nínú wọn.